Ọmọ ọdún 19 ló kọ ìwé yẹn, ṣé ọrùn ẹ̀ ló ṣì wà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí níbí ní Peckham, London. Èmi àti ọkọ mi jọ wo fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní American Anarchist, nípa William Powell, ọkùnrin tó kọ The Anarchist Cookbook nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 19, ìwé tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe bọ́ǹbù. Ó ti dàgbà gan nínú fíìmù yẹn, ó ní òun kábàámọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ ò fi í lọ́rùn sílẹ̀ rárá. Ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kú wà lọ́rùn ẹ̀ títí láé. Èmi ní ọmọdé ni nígbà yẹn, ó sì ti ronú pìwà dà. Ta ló jàre nínú wa? Mo tún fẹ́ fi fíìmù yẹn han àwọn ọmọ kíláàsì mi, ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ bá mi kí ọ̀gá yín nílé. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre díẹ̀díẹ̀, mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya, àmọ́ ọdún 1969 tó ń kọ ìwé náà ni ẹ̀yin méjèèjì dojú kọ, ibẹ̀ kọ́ ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò. Iṣẹ́ olótùú ìwé ni mo ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àtẹni tó kọ̀wé àtẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni mo máa ń bá jókòó, tọ́rọ̀ ẹ̀bi òǹkọ̀wé bá ti délẹ̀, ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé ìgbà wo ló mọ̀, kí ló wà níkàáwọ́ ẹ̀ nígbà tó mọ̀, kí ló wá fi ṣe. Ẹ̀bi pé èèyàn kọ nǹkan ní kékeré, bọ́dún ṣe ń gorí ọdún ló ń fúyẹ́. Ọdún tó fi dákẹ́ lẹ́yìn tó ti gbọ́n, ìyẹn ló ń wúwo sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú un látìbẹ̀rẹ̀, torí fíìmù yẹn sáré kọjá lára àwọn nǹkan kan. Ọdún 1949 ni wọ́n bí Powell ní Long Island, bàbá ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, England ló sì gbé fún ìgbà díẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún 19, New York ló wà, ogun Vietnam ń jó lala, ìjọba Amẹ́ríkà ń kó àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n fẹ́ kó bá wọn lọ, òun náà ò fẹ́ lọ, inú sì ń bí i. Ló bá gba láíbìrì ńlá ti New York lọ. Kò sí ẹgbẹ́ okùnkùn kankan tó kọ́ ọ ní nǹkan kan o, àwọn ìwé tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ tẹ̀ fáwọn sójà ló ṣí, ó tún mú díẹ̀ nínú ìwé àwọn Boy Scout, ó dà gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó fi ọ̀rọ̀ ìbínú ṣe ìṣáájú ẹ̀. Oògùn olóró wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí fóònù ẹlòmíì wà níbẹ̀, ohun ìjà wà níbẹ̀, bọ́ǹbù wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ìyẹn, ó tún kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe máa ha inú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí wọ́n sè é, kí wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n wá fà á bí igbó kó lè yí wọn lórí. Irọ́ gbuu! Yẹ̀yẹ́ kan tó ń jà ràn-ìn nígbà yẹn làwọn kan gbé sínú ìwé ìròyìn ní California ní 1967, òun náà gbé e mì. Mo mẹ́nu ba èyí kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tó kọ̀wé yẹn, ọmọ tó gba gbogbo ohun tó bá kà gbọ́ ni, kì í ṣe ọ̀gá nídìí bọ́ǹbù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé púpọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ ò pé, ẹni tó bá tẹ̀ lé e ló kọ́kọ́ máa ṣe ara ẹ̀ léṣe.

1971 ni Lyle Stuart, pọ́blíṣà ẹ̀, gbé e jáde. Àwọn FBI yẹ ìwé náà wò dáadáa, fáìlì wọn lórí ẹ̀ ti di ohun tí gbogbo ayé lè kà báyìí, ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí ni pé àwọn ò rí òfin táwọn lè fi mú un.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tiyín, pé ọmọdé ni. Lóòótọ́, ọmọdé ò lè mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn, torí ìjọba tó ní kó wá gbé ìbọn kò kà á sí ọmọdé. Ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ọmọ ọdún 18 tó láti kú sí Vietnam, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, èèyàn gbọ́dọ̀ pé 21 kó tó lè dìbò, ọdún 1971 yẹn gan-an, ọdún tí ìwé Powell jáde, ni wọ́n tó yí òfin ìlú pa dà tí wọ́n mú un wá sí 18. Nítorí náà tá a bá ní kò tí ì gbọ́n, ta ló gbọ́n lọ́dún yẹn? Èmi gbà pé ó mọ ohun tó ń kọ. Ohun tí ò mọ̀ ni bó ṣe máa pẹ́ tó láyé. Ọmọ ọdún 19 kan kì í ronú pé ohun tóun kọ lónìí, ọmọ tí wọ́n máa bí lọ́dún 1996 máa kà á. Ìyẹn ni mo fi ń bá a gé ẹ̀bi ẹ̀ kù, kì í ṣe torí pé ojú ẹ̀ ò là.

Ti ọkọ yín wá ńkọ́, pé ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀? Ẹ bá mi sọ fún un pé kó fara balẹ̀ díẹ̀. Láàárín ìwé tó wà lórí tábìlì àti ẹni tó kú, ẹlòmíì tó ní orí tiẹ̀, tó ní ọwọ́ tiẹ̀ dúró níbẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa títà ìwé máa ń ní ìwé yẹn ti tà tó nǹkan bíi 2 mílíọ̀nù kọ́pì, ká tó wá sọ ti èyí tí wọ́n ń fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó rà á, ńṣe ni wọ́n gbé e sí ṣẹ́ẹ̀fù káwọn ọ̀rẹ́ wọn lè rò pé wọ́n le. Táwọn ọlọ́pàá bá wá bá ìwé kan nílé ọ̀daràn, ìyẹn ò tíì fi hàn pé ìwé ló rán an níṣẹ́. Kò tán síbẹ̀ o. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 sókè, tí kọ̀ǹpútà ń wọlé, oríṣiríṣi àwọn ọmọ tí ò mọ Powell rí ló kọ fáìlì tiwọn tí wọ́n sì fi orúkọ ìwé ẹ̀ pè é, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ sí i lọ́rùn, kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀ tó jẹ́ tiẹ̀.

Àmọ́ àwọn tó ń gbèjà ẹ̀ náà máa ń sọ ohun kan tí kò jọ mí lójú, pé gbogbo ẹ̀ ṣáà ti wà ní láíbìrì tẹ́lẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní túká-túká, nínú ìwé tó gbẹ bí igi ìdáná, tí sójà nìkan lè fara dà kà. Ohun tí Powell fi kún un ni ohùn. Ó sọ fún ọmọ tínú ń bí pé ìbínú ẹ tọ́, ohun tó o lè fi ṣe rèé. Òun fúnra ẹ̀ nígbà tó dàgbà, tẹ́ ẹ bá ka ohun tó kọ, kì í ṣe pé ìwọ̀n kẹ́míkà yìí pọ̀ jù ló ń kábàámọ̀. Èrò tó wà nídìí ìwé yẹn ló kọ̀, pé ìwà ipá jẹ́ ọ̀nà tó tọ́ láti fi tún ìlú ṣe. Ó ní òun ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ronú ọ̀rọ̀ yẹn débi tó yẹ.

Ẹ jẹ́ n wá dúró níbi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, mo sì tọrọ àforíjì tó bá gùn, torí iṣẹ́ mi ni. Ẹ mú ìwé kan nílé yín báyìí, èyíkéyìí, ẹ ṣí i, ẹ fi ojú ewé tí àkọlé wà sílẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ máa rí lẹ́tà c kékeré kan nínú róbótó, ọdún tẹ̀ lé e, orúkọ tẹ̀ lé e. Orúkọ yẹn ló ni ìwé. Lọ́pọ̀ ìgbà orúkọ òǹkọ̀wé ni. Ti Powell, pọ́blíṣà ló ni ín, òun ò ní nǹkan kan níbẹ̀ ju orúkọ ẹ̀ tó wà lára páálí lọ. Ọmọdé, àkọ́kọ́ ìwé ẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹnì kan wá ní òun á tẹ̀ ẹ́, ó buwọ́ lu ohun tí wọ́n gbé síwájú ẹ̀. Irú kọ́ńtíráàkì bẹ́ẹ̀ ti kọjá lójú mi lọ́pọ̀ ìgbà, òǹkọ̀wé á sọ pé ẹ̀gbọ́n ẹ jẹ́ n ṣáà buwọ́ lù ú, kí ìwé jáde ná. Òun náà rèé.

Ní 1976 ló di ọmọ ìjọ Áńgílíkà, láti ìgbà yẹn ló ti ń fẹ́ kí ìwé náà kúrò nílẹ̀. Ó bẹ pọ́blíṣà. Stuart ní rárá o, owó tó ń wọlé ni. Powell ò lágbára kankan láti fipá mú un. Nígbà tí Stuart ta iléeṣẹ́ ẹ̀ tó dá òmíràn tó ń jẹ́ Barricade Books sílẹ̀, ìwé yẹn bá a lọ síbẹ̀, nígbà tó sì di 2002 wọ́n tà á fún Delta Press ní Arkansas, àwọn tó ń ta irú ìwé ogun àti ìbọn bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, kò sẹ́ni tó bi Powell. Tí ọkọ yín bá wá ní kóun kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbàlagbà tó jókòó ní ọ́fíìsì, tí òǹkọ̀wé fúnra ẹ̀ wá bá pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a dúró, tó sì ń tà á lọ fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ kà. Kì í ṣe ọmọ ọdún 19 kankan. Ó yà mí lẹ́nu pé Powell nìkan ni gbogbo ayé ń bi léèrè.

Ẹ fi ti Stephen King wé e, ẹ máa rí bí bébà kan ṣe lè yí ọ̀rọ̀ pa dà. Òun náà wà níléèwé gíríámà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn kan tó ń jẹ́ Rage, nípa ọmọléèwé tó gbé ìbọn wọ kíláàsì, orúkọ àdàpè Richard Bachman ló fi gbé e jáde ní 1977. Ní ọjọ́ kìíní oṣù December 1997, ọmọ ọdún 14 kan ní Kentucky yìnbọn lu àwọn ọmọ tó ń gbàdúrà níléèwé ẹ̀, ọmọbìnrin mẹ́ta kú, márùn-ún fara pa, wọ́n bá ìwé yẹn nínú lọ́kà ẹ̀. King sọ fún pọ́blíṣà ẹ̀ pé ó tó, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́, kò sì sí i lórí àtẹ láti ìgbà yẹn. Kò sọ pé ìwé òun ló pa wọ́n. Ní 2013 ó kọ̀wé kékeré kan lórí ọ̀rọ̀ ìbọn, ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé òfin ò mú òun rárá, òun yọ ọ́ torí ó yẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì tọrọ àforíjì pé òun kọ ọ́, ó ní ohun tó ń ṣe òun gan-an nígbà náà lòun kọ sílẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń yin King gan lórí èyí, èmi náà yìn ín, àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ti Kentucky yẹn kọ́ ni àkọ́kọ́, orúkọ ìwé yẹn ti jáde nínú ọ̀rọ̀ ọmọléèwé tó gbé ìbọn ní 1988 àti 1989. Ó pẹ́ kóun náà tó dá a dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ ṣe é, ó rí i ṣe. Powell fẹ́ ṣe é ní ogún ọdún ṣáájú ẹ̀, kò rí i ṣe.

(Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé o. Goethe, ará Jámánì, kò ju ọmọ ọdún 25 lọ nígbà tó tẹ ìtàn Werther jáde ní 1774, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti para ẹ̀ torí ìfẹ́. Ìlú Leipzig fòfin dè é lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Goethe náà sì kọ ẹsẹ ewì sínú àtẹ̀jáde kejì pé kí ẹni tó ń kà á má tẹ̀ lé akọni ìtàn. Ó tún un kọ ní 1787. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló lò.)

Ó wá ku ibi tí èmi ti dá Powell lẹ́bi. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀, wọn ò gba ẹnu ẹ̀. Láti 1976, ta ló gbọ́ ohùn ẹ̀ nígboro? Nǹkan bí ọdún 2000 ló tó gbé ọ̀rọ̀ síbi tí wọ́n ti ń ta ìwé náà lórí Amazon pé inú ìbínú ọmọdé lòun ti kọ ọ́, òun fẹ́ kó kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọléèwé kan yìnbọn níléèwé Arapahoe ní Colorado, oṣù December 2013, ló tó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Guardian ní gbangba pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ti iléèwé Columbine, ní Colorado náà, ti wà láàárín, 1999, àwọn ọmọléèwé méjì yìnbọn pa èèyàn 13 lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ ohun tẹ́ni tó ń gbèjà ẹ̀ máa sọ, pé tó bá pariwo, ńṣe ni yóò máa bá pọ́blíṣà polówó ọjà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Mo tún mọ̀ pé ó níṣẹ́ tó ń ṣe, ó níyàwó, ó lọ́mọ, orúkọ ìwé yẹn sì ń tẹ̀ lé e láti ibi iṣẹ́ kan dé ìkejì. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún dín díẹ̀ pọ̀ jù. Nínú fíìmù yẹn, nígbà tí Charlie Siskel, ẹni tó ṣe fíìmù náà tó sì ń bi í léèrè, ń ka àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà sí i létí níkọ̀ọ̀kan, ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa, ó jọ ẹni tí kò fẹ́ mọ̀. Kò wádìí. Èèyàn tó ń sá fún ìròyìn nípa ìwé ara ẹ̀, mo ti rí irú wọn rí, àwọn míì kì í tiẹ̀ ka lẹ́tà táwọn òǹkàwé kọ. Àánú ẹ̀ ṣe mí, àmọ́ mi ò ní sọ pé kò sí nǹkan.

Ìwà Siskel yẹn pàápàá, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gba tiẹ̀. Ìbéèrè ẹ̀ dáa, ọ̀nà tó fi ń bi í ló dà bí ẹni fẹ́ kó sunkún síwájú kámẹ́rà. Powell kú ní oṣù July 2016, ọmọ ọdún 66, kí fíìmù náà tó jáde níbi àjọ̀dún fíìmù ní Venice, ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i bóyá à bá gbọ́ èsì tiẹ̀.

Ohun kan wà tẹ́yin tíṣà máa mọ rírì ẹ̀ ju èmi lọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Powell fi gbogbo ayé ẹ̀ tó kù ṣe. Àwọn ọmọ tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kọ́ ní Amẹ́ríkà, ó wá lọ sókè òkun, Saudi Arabia, Tanzania níbi tó ti ṣe ọ̀gá iléèwé International School of Tanganyika ní Dar es Salaam, Indonesia, Malaysia. Òun àti ìyàwó ẹ̀, Ochan Kusuma-Powell, jọ kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tí ẹ̀kọ́ ò tètè yé, tàwọn iléèwé olówó kì í fẹ́ gbà. Ó sọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé àwọn ọmọ tó ń gbé ìbọn lọ síléèwé yẹn, òun rò pé wọn ò rí ibi tí wọ́n ti jẹ́ ara ilé, pé ìwé òun sì lè ti dá kún un. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, irú ọmọ tó ń ra ìwé ẹ̀ yẹn ló ń lo ayé ẹ̀ fún. Ṣé ìyẹn san gbèsè? Mi ò rò pé ìwé ìṣirò kan náà ni wọ́n wà. Àmọ́ kò ṣe é torí kí wọ́n lè yìn ín, torí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́ ò tiẹ̀ mọ ohun tó kọ.

Torí náà bí ẹ bá ní kí n dá ẹjọ́ yín: ti 1969, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe torí ọjọ́ orí nìkan. Ti ọdún 1976 sí 2013, mo fún ọkọ yín ní díẹ̀, kó má wulẹ̀ pè é ní ẹ̀jẹ̀, kó pè é ní ìdákẹ́jẹ́. Èyí tó pọ̀ jù lọ, ẹ jọ gbé e fún àwọn tó ń tà á.

Lórí ti kíláàsì yín: fíìmù yẹn ò léwu, àwọn ọmọ ọdún 16 sókè á gbádùn ẹ̀, àríyànjiyàn á pọ̀, ẹ kàn kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá iléèwé yín. Ìwé náà fúnra ẹ̀ ńkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ lé e, ẹ má wá a sórí fóònù, ẹ má wá a sórí kọ̀ǹpútà iléèwé, ẹ sì kìlọ̀ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe é. Ní UK tẹ́ ẹ wà yẹn, abala 58 nínú Terrorism Act ti ọdún 2000 sọ ọ́ di ọ̀ràn kéèyàn ní ìwé tó lè wúlò fún apániláyà lọ́wọ́ láìní ìdí gúnmọ́, wọ́n sì ti gbé èèyàn lọ kóòtù lórí ìwé yìí gan-an. Ní 2017, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan jẹ́jọ́ torí díẹ̀ nínú ẹ̀ tó tẹ̀ sórí bébà, wọ́n dá a láre ní Birmingham, ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ dúró níwájú àwọn adájọ́ ná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ohun tí wọ́n máa kà, ẹ lo ohun tí Powell kọ sínú Guardian ní December 2013, kò gùn, ẹ pín in fún wọn kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ tẹnu ẹ̀ kí Siskel tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó.